Kérésìmesì Láàárín Omi Méjì

Ní Ìyìn-Èkìtì, ọyẹ́ ni í kọ́kọ́ sọ fún wa pé Kérésìmesì ti dé tán. Ètè á máa bó, eruku á bo ewé igi ẹ̀bá ọ̀nà Ìgèdè, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti Àbújá á máa wọlé, ìró odó á sì máa dá ara wọn lóhùn láti agbolé dé agbolé. Láti kékeré, n kò ṣe ọdún náà níbòmíràn rí, àfi lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Kútọnu ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Omi ni n ó fi ṣe ọ́ lálejò. Wàá wọkọ̀ ojú omi kí ọdún tó pé, wàá sì tún wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọdún."

Ìyá mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọmọ orí òkè ni ọ́, kí lo fẹ́ lọ wá lójú omi?" Ṣùgbọ́n ó gbàdúrà fún mi, ó sì di iṣu mẹ́rin fún mi pé kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo kúrò nílé. A gba Ìgèdè àti Aramọkọ kọjá, a já sí Ìtawúre, a gba Iléṣà dé Ìbàdàn, a sì wọ Èkó. Bí a ṣe ń lọ ni òkè ń tán lójú ọ̀nà, títí ilẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo fi máa ṣẹ́ náírà sí sefà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ̀wù òtútù tí mo wọ̀ láti Ìyìn ti wà lápá mi, òógùn sì ti rin ẹ̀wù tó wà lára mi. Ní Kútọnu, onílé ẹ̀gbọ́n mi jáde wá kí mi: "Kwabọ!" Mo dá a lóhùn ní Yorùbá láìronú. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní Fọ̀n ni obìnrin náà sọ. Ọ̀rọ̀ ti rin ọ̀nà yẹn ṣáájú mi.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ wọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Abomey-Calavi, a sì kọrí sí Ganvié, ìlú tó dúró lórí ọ̀sà Nokoué. Mo di ìjókòó mú pinpin títí mo fi rí ohun tó gba ìbẹ̀rù lọ́wọ́ mi. Àwọn apẹja ti ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi ní agbo-agbo. Ẹja á sá wọ ibẹ̀ láti wá oúnjẹ àti ibi ìsádi, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Akajá ni wọ́n ń pè é. Ojú àgbẹ̀ ni mo fi wò ó: oko ni, ó ní ààlà, ó ní olóko, ó sì ní àsìkò ìkórè.

Ganvié fúnra rẹ̀ dúró lórí òpó igi. Ilé, ilé ìjọsìn, ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ ló fẹsẹ̀ sínú omi. Àwọn obìnrin ń fi ọkọ̀ pátẹ ata àti tòmátì, ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ sì ń wa àjẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tukọ̀ wa ló sọ bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó tó 300 ọdún sẹ́yìn tí àwọn Tofinu sá wọ ọ̀sà náà nítorí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tó ń kó ènìyàn tà fún àwọn òyìnbó. Ẹ̀sìn àwọn ọmọ ogun yẹn kò jẹ́ kí wọ́n lépa ènìyàn dé ojú omi. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìlú náà fi jẹ mọ́ ìgbàlà: a ti bọ́.

Mo dákẹ́ nínú ọkọ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, àwọn òkìtì yẹn náà ni àwọn baba wa fi ṣe odi nígbà ogun. Omi tí ìyá mi ń bẹ̀rù, òkè ni fún àwọn ará Ganvié.

Ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀ kò ní ọyẹ́ rárá. A lọ sí ìsìn ní kàtídírà Notre-Dame, ilé tó ní ìlà pupa àti funfun láti ìsàlẹ̀ dókè, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìwé orin fẹ́ ara wọn. Iṣu Ìyìn ni a gún lọ́sàn-án, a sì gbé àkàsà àti ẹja díndín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Nírọ̀lẹ́, a gun zémìjan, ọ̀kadà wọn, lọ sí etí òkun Fidjrossè. Àwọn ọmọdé wọ aṣọ ọdún, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ìgbì, wọ́n ń sá padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọnú omi lọ jìnnà, nítorí òkun ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ.

Nígbà tí à ń bọ̀, a rí ère jagunjagun obìnrin Dàhòmì tí wọ́n ṣí ní 2022, tó ga tó mítà 30. Ó wú mi lórí, ó sì tún dùn mí. Akíkanjú ni àwọn obìnrin náà. Àwọn kan náà ló wà nínú ogun tó kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti lé wọn padà.

Ọjọ́ 27, mo dágbére fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì yà ní Àgbádárìgì fún ìrìn ojú omi kejì. Ọkọ̀ gbé wa sọdá ọ̀sà dé erékùṣù Gbẹrẹfú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A fẹsẹ̀ rin orí yanrìn lábẹ́ igi àgbọn, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé. Níwájú, òkun nìkan ló kù.

Mo padà sọdá, mo sì lọ sí ibi tí igi Agíà wà kí ó tó wó ní 1959. Lábẹ́ igi yẹn ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù, Àgbádárìgì yìí náà ni wọ́n sì ti ṣe Kérésìmesì ọdún 1842, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ó pẹ́ kí ọdún náà tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa. Ogun Kírìjì jà láti 1877 dé 1893, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkìtì tó ti di ẹrú rí ń padà wálé pẹ̀lú ìhìnrere lẹ́nu. Irú wọn ni Babamúbọ̀ní ní Adó. Àwọn tí ogun kó lọ ló gbé Kérésìmesì bọ̀ wálé fún wa.

Nígbà tí mo délé, mo bi ìyá mi bóyá ogun kó ẹnikẹ́ni lọ nínú ìdílé wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dárúkọ obìnrin kan, ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n kó lóko tí wọn kò rí mọ́. N kò gbọ́ orúkọ náà rí láyé mi. Mo ti kọ ọ́ sínú Bíbélì ilé wa báyìí.

Ẹ̀yin ará Èkìtì, nígbà tí gbogbo ọmọ bá pé jọ sílé ní Kérésìmesì tó ń bọ̀, kí ẹ tó bu iyán, ẹ bi àwọn àgbà yín ní orúkọ ẹni tí ogun kó lọ tí kò padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Omi kànga Gbẹrẹfú kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lára àwa tí a kò mu ún.