Oòrùn Inú Àpótí

Ní Òsì àti Ìlọ́fà, ẹni tó ń sin ahun kì í wá iná fún un. Oòrùn ń bẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ra erè kékeré, irú èyí tí wọ́n ń kó láti Tógò àti Gánà. “Bàbá, kí ni kí n fi mú un móoru?” (Èmi tí mo ń sá fún ejò!) Bí ara erè bá tutù, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Mo ní kó má ra òkúta oníná, torí ikùn ejò a máa jó lórí rẹ̀. Gílóòbù ni kó gbé kọ́ òkè, kó fi àwọ̀n bò ó, kí ẹ̀gbẹ́ kan gbóná tó 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èkejì wà ní 26. Erè yóò máa lọ yóò máa bọ̀, bí ahun wa ti ń ti inú oòrùn bọ́ sí ibòji.