Ọ̀bọ Wo Ni?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé yunifásítì. Nílé wa ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, Yorùbá là ń sọ. Bí a bá ti wọ ọgbà ilé ìwé, ó di Faransé. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé a ó lọ sí igbó Drabo Gbo nítòsí Calavi, kí oníkálùkù kọ orúkọ ẹranko àti igi tó bá rí ní èdè ìyá rẹ̀, láìfi Faransé bọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé.

Igbó náà kò tóbi, bíi hẹ́kítà 14 ni. Ọ̀gbẹ́ni Peter Neuenschwander, ará Switzerland, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 1995. Onímọ̀ kòkòrò ni, ó sì ti bá IITA ṣiṣẹ́, àwọn tó tú agbọ́n kékeré kan tí wọ́n mú wá láti Paraguay sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981, kí ó lè ṣẹ́gun kòkòrò tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń mu gàrí, ẹ kí agbọ́n náà o.) Ní Drabo, díẹ̀ ló kù nínú igbó àtijọ́, ìyẹn ibi tí àwọn ará abúlé yà sọ́tọ̀ fún ìbọ. Wọ́n ra àwọn oko tí a ti pa tì yí i ká, wọ́n sì ń kó igi wá sin níbẹ̀ láti inú àwọn igbó mìíràn ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ tí àáké ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì. Irú ewéko tó wà níbẹ̀ ti tó 600. Igbó náà sì di ibi ààbò fún ọ̀bọ kan tí irùn ikùn rẹ̀ pọ́n, tí Faransé ń pè ní singe à ventre rouge. Apá ibi tiwa yìí nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn tí ń kú tán.

A dúró pẹ́ kí a tó rí i. Ewé mì lókè, ẹnì kan nawọ́, ìrù gígùn kan kọjá, ó tán. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Àwọn tó ń sọ Fọ̀ngbè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú wa kiri, wọ́n rí orúkọ kọ kíá. Èmi kọ "ọ̀bọ".

Ṣùgbọ́n ọ̀bọ wo? Faransé ló ń kó gbogbo wọn pọ̀ sínú singe. Yorùbá ní ọ̀bọ, ó ní ààyá, ó ní ìnàkí, ó ní ẹdun. Ìbejì wà nílé wa. Àràárọ̀ ni ìyá wa àgbà ń fi ẹdun kì wọ́n. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí n tó mọ ABD, síbẹ̀ n kò tíì fojú kan ẹdun rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nínú àwa ọmọ ilé tó rí i. Ọ̀rọ̀ náà ń gbé lẹ́nu wa bí ilé tí onílé ti kó jáde.

Nígbà tí mo lọ sílé, mo mú ìwé mi tọ bàbá ọdẹ kan lọ ní àdúgbò wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi àwòrán ọ̀bọ náà hàn wọ́n lórí fóònù. Wọn kò wò ó pẹ́.

"Báwo ló ṣe ń ké?"

"Bàbá, n kò gbọ́ igbe rẹ̀."

"Kí ló ń jẹ? Ṣé ó máa ń sọ̀ kalẹ̀? Àwọn mélòó ló ń rìn pọ̀?"

N kò rí èsì kankan fọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àwòrán lo mú wá, o ò mú ẹranko wá. Òru la fi ń dọdẹ. Etí la fi ń mọ̀ wọ́n. Níbi tí oko ọ̀pẹ wà yẹn, mo mọ oríṣi mẹ́ta níbẹ̀." Wọ́n wá sín igbe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ fún mi, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Èwo nínú mẹ́ta yẹn ni ti Drabo, fóònù mi kò lè sọ.

Ní kíláàsì, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí n kọ "ọ̀bọ oníkùn-pupa" kí a lè parí iṣẹ́. Wọ́n ní báyìí ni a ṣe ń sọ èdè di ọlọ́rọ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá túmọ̀ Faransé sí Yorùbá, tó wá pè é ní orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́, ó ti sin orúkọ tòótọ́ náà láàyè, nítorí ìwé ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbà gbọ́. Ká dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà dára. Ọ̀bọ kì í ṣe àlejò.

Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Mo kọ àpèjúwe ẹranko náà sí i, mo sì kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí bàbá sọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Olùkọ́ yọ máàkì díẹ̀. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, mo fẹ́ padà sí Drabo ní ìdájí, kí n gba igbe ọ̀bọ náà sílẹ̀, kí n sì gbé e lọ fún bàbá ní Ìfọ̀nyìn. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí wọn ọ̀tún sì ti ń wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó tètè sọ.