Owó Ni Mo Ń Tọrọ, Ènìyàn L'Ọlọ́run Rán

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí kì í bá ṣe àánú rẹ̀ ni, gbèsè sípíkà ni ǹ bá ṣì máa san dòní.

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ló kàn mí nínú ogún: Yusuf Olatunji, Haruna Ishola, Ebenezer Obey. Mo ra giramafóònù àlòkù, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù pákó ní pálọ̀, mo sì to sípíkà méjì sí i lọ́tùn-ún lósì lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ó wu ojú. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́.

Petẹ́ẹ̀sì àtijọ́ là ń gbé n'Íbàdàn, pákó sì ni ilẹ̀ òkè. Bí ọmọ bá sáré kọjá, abẹ́rẹ́ á fò. Bí mo bá yí ohùn sókè, ìlù á dàrú pọ̀, lẹ́yìn náà ni sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í hu "húùùù." Ẹ wo ọgbọ́n tí mo dá: mo fi owó ẹyọ lé orí apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání. Kò fò mọ́ lóòótọ́. Ojú àwo ló kù tó ń họ. Mo tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ pálọ̀. Àlejò wá ń yọ́ rìn bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ gbé!

Mo ní sípíkà ni ò dáa. Mo tà á ní gbàǹjo, mo fi owó àjọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Wàhálà bá pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, níṣojú àwọn àna mi, ẹ̀rọ yìí hu débi pé ọmọ tuntun fi igbe ta. Lálẹ́, mo kúnlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi lówó tí n óò fi ra òmíràn. Àdúrà òmùgọ̀!

Ẹni tí Ọlọ́run máa lò, fíríìjì wa ló wá tún ṣe. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni. Nígbà tí mo ròyìn híhu náà fún wọn, wọ́n ní kí n má tan mọ́tò giramafóònù. Wọ́n rọra gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tó dúró jẹ́ẹ́, wọ́n yí ohùn sókè díẹ̀, wọ́n wá fi ìka kan kọ́bọ́ọ̀dù: kọ̀, kọ̀. Sípíkà dáhùn: gbì, gbì! Ẹnu mi ò lè padé.

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ ò mọ̀yàtọ̀. Ohun tó bá ti lè mì ín, orin ni lójú tiẹ̀. Sípíkà ń mi kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù ń mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tún ń dá a padà fún sípíkà. Ìyẹn ló ń hu."

Wọ́n ní kí n sọ sípíkà kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, kí n kan pẹpẹ mọ́ ògiri fún giramafóònù, torí ògiri kì í mì bí ilẹ̀ pákó. Lórí pẹpẹ, tíúbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n fẹ́ díẹ̀. Lórí tíúbù, òkúta pẹlẹbẹ tó wúwo dáadáa. Lórí òkúta, giramafóònù. Wọ́n ní tí tíúbù bá le jù, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ṣe bí wọ́n ti wí, mo yí ohùn sókè. Sákárà Yusuf Olatunji jáde kedere, àwọn ọmọ ń fò lórí pákó, abẹ́rẹ́ ò mira. Mo bú sẹ́kún níwájú ìyàwó mi. Ọlọ́run mọ̀ pé bó bá fún mi lówó yẹn, màá fi kó wàhálà míì wọlé ni.

Ibi tí owó ẹyọ ti họ nínú àwo bàbá mi ṣì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ìyẹn ò ṣe é tún ṣe. Sípíkà tí mo tà ní gbàǹjo, tí kò lárùn kankan lára, ẹni tó rà á ṣì ń fi jayé ládùúgbò wa.