Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Tó Ṣáájú Mi Délé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń lo kọ̀ǹpútà bí mo ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Mọ́mì mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Tá a bá ti jáde níléèwé, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ bá wọn tẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, laptop kan sì wà nílé tí èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń lò. Windows 10 ló wà lórí méjèèjì, àkáǹtì mi kan náà ni mo sì fi ṣí méjèèjì.

Ní sáà tó kọjá, ó sú mi láti máa fi fláàṣì gbé àsáǹmẹ́ǹtì mi láti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá kọ́ mi lọ́gbọ́n. Tí o bá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ V, àwọn ohun tí o ti kọ́pì máa tò jáde lẹ́sẹẹsẹ, ó lè tó 25. Tí o bá wọ Settings, o wọ System, o wọ Clipboard, tí o sì tan "Sync across devices", ọ̀rọ̀ tí o bá kọ́pì lórí kọ̀ǹpútà kan máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sórí èkejì tó ń lo àkáǹtì kan náà. Mo tàn án. Mo wá ń pe ara mi ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé kan, ìyá kan ládùúgbò wa fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká bá àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo kọ́pì gbogbo rẹ̀ sínú Word, mo tò ó dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sanwó, wọ́n lọ. Mi ò ní sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun téèyàn kì í sọ lójú ọjà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ni àbúrò mi tó wà ní JSS 2 gbójú sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé..." Ó dárúkọ ìyá náà, ó sì sọ ọ́ tán pátá.

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Mọ́mì. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó ní òun fẹ́ lẹ ohun kan mọ́ àsáǹmẹ́ǹtì òun ni, òun tẹ Windows àti V, òun bá a lókè pátápátá.

Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. Ká ní Mọ́mì pariwo ni, ìbá sàn fún mi. Wọ́n kàn rọra ní, "Èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà wálé. Ìwọ, láti ìgbà wo lo ti ń gbé e wá?"

Mi ò lè dáhùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti kọ́pì láàárín ìgbà yẹn: nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì, lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Mi ò sùn kí n tó pa "Sync across devices" lórí laptop, mo sì tẹ "Clear" kí ohun tó wà níbẹ̀ àti èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè parẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Mo tún wo "Nearby sharing", mo bá a lórí "Everyone nearby", ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè máa fi fáìlì ránṣẹ́ sí wa. Mo pa ìyẹn náà. Mo wá ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, tí kò so mọ́ ímeèlì ẹnì kankan.

Mo ròyìn fún Mọ́mì. Wọ́n ní, "Bọ́tìnì lo pa yẹn. Ìyá yẹn ńkọ́?"

Bí mo ṣe lọ sílé wọn láàárọ̀ Sátidé nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló ti rí i?" Mo ní ilé wa nìkan, àti pé àbúrò mi ti búra pé òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "O ṣé tó o wá sọ fún mi. Máa lọ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe tan bọ́tìnì yẹn, ẹyin ẹlẹ́yin ni mo gbé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, lónìí yìí, ẹ wo Settings yín. Ẹ wò ó bóyá àkáǹtì yín ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lòmíràn. Ẹ má tan ohun tẹ́ ò mọ ibi tó ń lọ.

Ìyá náà ti padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn náà ló ní kí n kọ èyí, kí n má ṣáà dárúkọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí mo bá ti tẹ̀wé wọn tán, wọn kì í tíì lọ. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á ní, "Pa á rẹ́ kí n rí i."

Mo sì máa ń pa á rẹ́ lójú wọn.