Lagos yìí kì í ṣe Èkó o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá gbọ́ Lagos ní Spéènì, ẹ má wá Ọ̀ṣòdì débẹ̀. Adágún ni wọ́n ń pè ní ‘lago’. Méjì ló wà lókè Covadonga: Enol àti Ercina. Ọdún 1983 ni ìdíje Vuelta kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Èmi náà gbé kẹ̀kẹ́ ológeere. Ojú mi rí nǹkan! Níbi tí wọ́n ń pè ní La Huesera, téèyàn bá rin mítà 100, ó ti gòkè tó mítà 15. Màlúù kan ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Ni bàbá arúgbó kan bá wa tiẹ̀ kọjá, kò tiẹ̀ mí hẹlẹ. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo tún gorí ẹ̀ padà.

Mo dé Enol, kùrukùru ti bo gbogbo omi. Mo jókòó dè é.