Àpá Àbà

Ìyá kan wà ní agbo ilé wa ní Manigri nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọn kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, Kútọnu tí dókítà ọpọlọ wà sì jìnnà.

Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìtàn Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tí ń tún táyà ṣe ní Bouaké, tí ó di ẹni tí ń tú irú wọn sílẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Síbẹ̀, àwọn kan tí ó ti ṣàìsàn ọpọlọ rí ni ó ń tọ́jú aláìsàn ní àwọn ilé tí ó dá sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá kọ́ ni à ń mọ̀.

Nítorí náà, bí owó bá wà, kí a má fi gbogbo rẹ̀ kọ́lé. Ẹ jẹ́ kí a fi rán àwọn olùtọ́jú aláìsàn láti Bassila àti Manigri lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn tí ó gbọ́ Anii àti Nàgó. Èdè abínibí ni ènìyàn fi ń sọ ìdààmú ọkàn. Kí a sì ya owó oṣù wọn sọ́tọ̀, kí wọ́n lè padà wálé.

Ìyá wa kú pẹ̀lú àpá àbà ní ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bi í léèrè rí pé kí ni ó ń dùn ún.