Kí Ọkọ̀ Tó Máa Ké Síra Wọn ní Nyanya

Kúbwà, Àbújá

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ìyàwó yín ti mókun báyìí? Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni, ẹ̀yin awakọ̀.

Ẹ rántí tírélà tó lọ rọ́ lu àwọn ọkọ̀ nítòsí afárá Kàrú lóṣù kẹta ọdún 2025, tí iná sì sọ? Inú gosiló làwọn èrò ọkọ̀ yẹn jókòó sí, wọn ò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí à ń wá ni pé kí irú tírélà bẹ́ẹ̀ lè ké sí àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní rédíò kékeré tí á máa kéde ibi tó wà, bó ṣe ń sáré tó àti ibi tó dorí kọ, ó lè tó ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò nílò dátà, kò nílò òpó fóònù. Láti ọkọ̀ sí ọkọ̀ ni. Láti ọdún 2010 ni ìlànà rẹ̀ ti wà, 802.11p ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n owó ta ni a ó fi ra rédíò sínú ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ nígbà tí a ò tíì mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́? Ìyẹn la ṣe ń kọ́kọ́ dán an wò nínú kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí DLR ní Jámánì ló ṣe SUMO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàfarawé bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lójú títì, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo gba àwòrán ọ̀nà Mararaba tó gba Nyanya kọjá títí dé AYA láti OpenStreetMap, mo kó o sínú rẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀. OMNeT++ ló ń ṣe ti rédíò, Veins ló so méjèèjì pọ̀. Veins mọ̀ pé ilé máa ń dí rédíò lọ́nà, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ibi tó ká mi lára nìyí. Bí ọkọ̀ bá dúró gbagidi fún 300 ìṣẹ́jú-àáyá, SUMO á gbé e kúrò lójú ọ̀nà, á lọ sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú níbi tí àyè wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Bọ̀ọ̀dá! Ní Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Ajé! Ojú mi ló ṣe tí ọkọ̀ ń pòórá níkọ̀ọ̀kan, tí ọ̀nà sì ń já gaara. Èsì irú rẹ̀ á sọ pé àwọn rédíò ń gbọ́ra wọn ketekete, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọkọ̀ bá ti há gádígádí ni ìkéde ti ń dà lura wọn jù. Mo yí iye náà sí -1, kò gbé ọkọ̀ kankan mọ́. Gosiló dé wàyí, gosiló tiwa gan-an.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ ni mo fún ní rédíò, torí tòkunbọ̀ ló kún títì wa, kò sí irú ẹ̀ nínú wọn.

Ó wá ku awakọ̀. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní sigma, láti 0 dé 1, tó ń sọ bí ọwọ́ awakọ̀ ṣe ń yẹ̀ tó, 0.5 ni wọ́n fi sí i. N ò fẹ́ méfò. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbẹ́rù, báwo ni àyè tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú ṣe ń pọ̀ tó? Bí bọ́ọ̀sì bá ṣàdédé dúró láti gbé èrò, ṣé ẹ máa ń tètè fura? Kí lẹ máa ń wò tí ẹ fi ń mọ̀? Ẹ fohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́. Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní gáréèjì náà, pàápàá àwọn tó ń wa tírélà.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àbúrò yín